Èyí Tí Kò Ní Rèsú

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀
bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún sẹ́fà ṣe rìn.
Mo ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìlà inú fọ́ọ̀mù yín kúrú,
ohun tó ṣẹlẹ̀ ò gba ibẹ̀,
ni mo ṣe ṣí ìwé yìí padà, tí mo ń kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Àwa mẹ́ta la jọ tọrọ owó náà.
Ìsíátù mọ àwòrán yà.
Sènámì gbọ́ Gùn, ó gbọ́ Faransé,
ó sì mọ bí a ti ń jókòó ti àgbà títí ẹnu rẹ̀ á fi là.
Èmi, ìṣirò ni mo mọ̀.
Wọ́n ní kí n máa di àpò mú.

Ilé àwọn Àgùdà nígboro Àjàṣẹ́,
iwájú wọn lẹ̀yin náà ń gbà re ibi iṣẹ́:
òdòdó sìmẹ́ńtì wà lókè fèrèsé wọn,
ẹyẹ wà, ìràwọ̀ wà,
òjò ọdọọdún sì ń lá wọn bí ọmọdé tó jí ṣúgà,
díẹ̀díẹ̀, kí ìyá má baà mọ̀.
Kí wọ́n tó tán la fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn
lẹ́nu ẹni tó fi ọwọ́ mọ wọ́n.

Bébà àti ẹ̀édú: ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì.
Àkàbà tí a háyà lọ́wọ́ káfíńtà Wàndó: ẹgbẹ̀rún mẹ́fà,
àti méjì sí i, nígbà tí ìtẹ̀lẹ̀ kẹta dá mọ́ mi lẹ́sẹ̀.
Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan, àlòkù.
Sẹ́míjàn lójoojúmọ́, àwa mẹ́ta lórí alùpùpù kan,
torí owó yín là ń ṣọ́.
Gbogbo ìyẹn ló ní rèsú. Mo ti fi abẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀.

Ó ku Bàbá Fẹlisíánù, bíríkìlà,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ ti fọ́.
Lọ́jọ́ kìíní ó ní ká máa lọ.
Lọ́jọ́ kejì a mú obì dání, àti ìgò sódàbì kan.
Ó gba obì. Ó dá ọtí padà,
ó ní dókítà kọ̀ ọ́ fún òun.
Ó tún na ọwọ́, ó gba ọtí.
Lọ́jọ́ kẹta: "Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀."

Báwo ni afọ́jú yóò ṣe wo òkè fèrèsé?
Ìsíátù gun àkàbà, ó fi amọ̀ tútù tẹ òdòdó,
ó rọra ṣí i, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀,
ó gbé e lé bàbá lọ́wọ́ méjèèjì.
Ìka rẹ̀ rìn nínú amọ̀. Ó rẹ́rìn-ín.
"Inú rẹ̀ lẹ mú wá fún mi," ló wí.
"Kò burú. Inú ni mo ti mọ̀ ọ́n.
Ìyàwó-ò-tíì-wọlé lorúkọ èyí.
Bàbá mi ló mọ ọ́n
lọ́sẹ̀ tí ìyá mi kẹ́rù lọ sí Àdánárí."
Sènámì di ẹ̀rọ mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ká ní èmi nìkan ni,
ǹ bá ka òdòdó: mẹ́tàlélógóje.
N kì bá tí mọ orúkọ ẹyọ kan.

Obì, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Sódàbì, ẹgbẹ̀rún kan.
Ẹni tó tà á fún wa kì í kọ̀wé.
Sènámì ní ká lọ tọrọ rèsú ní ṣọ́ọ̀bù aláwo,
mo ní rárá, irọ́ ò sí nínú ìṣirò mi.
Bàbá gbọ́ àríyànjiyàn wa.
Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ etí amọ̀ náà.
"Ẹ kó o fún àwọn ọlọ́wó," ló wí.

Òun ló wà nínú páálí yìí. Ẹ ṣọ́ra, ó ti ń sán.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹ bá tún fún àwọn mìíràn,
ẹ fún wọn ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta,
kí ẹ sì fi ìlà kan sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù fún obì.

Sẹ́fà tó ṣẹ́ kù jẹ́ irinwó ó lé márùndínlọ́gbọ̀n.
Ó wà nísàlẹ̀ páálí, nínú ọ̀rá.